Kí Ọmọ Kẹrin Tó Dé: Ọ̀rọ̀ fún Bàbá àti Ìyá

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní Sẹkọna níbí, ní oríta tí ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ ti pàdé ọ̀nà tó ń ti Gbọ̀ngán lọ sí Òṣogbo, ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí a má pe àfáà sí ibi ìsọmọlórúkọ. A ó jókòó, a ó ṣe àdúà, a ó pe orúkọ, a ó jẹ, a ó mu, oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, àwa àfáà kì í sábà béèrè. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ibẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan wá bá wa ní ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní ìyàwó òun ti lóyún ọmọ kẹrin, ara rẹ̀ kò sì le, nítorí náà kí a jọ̀ọ́, kí a yọ̀ǹda àkọ́bí òun, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ó máa dúró ti ìyá rẹ̀ nílé. A bi í pé títí di ìgbà wo? Ó ní, "Àfáà, títí ọmọ náà yóò fi rìn ni." A yọ̀ǹda rẹ̀. A tilẹ̀ ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun sọ aláboyún kalẹ̀ láyọ̀, a sì rò pé oore ni a ṣe.

Ọmọbìnrin náà kò padà mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi máa rìn, iṣẹ́ ilé ti wọ̀ ọ́ lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà kọjá ibi tí ó dúró sí, ojú sì ń tì í láti jókòó ti àwọn tí ó kéré sí i. Ó ti di géńdé obìnrin báyìí. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí wa lójú ọ̀nà, àwa ni ojú ń tì. Nítorí pé àwa tí à ń pè ní olùkọ́ ni a fọwọ́ sí i pé kí a gba ẹ̀tọ́ ọmọ kìíní fún ọmọ kẹrin, a kò sì béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

Nítorí náà ni a ṣe gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ fún ara wa àti fún yín. Bí òbí bá ń múra de ọmọ kẹrin, kí ni ìmúra náà gan-an? Ṣé aṣọ, ọṣẹ àti ẹran ìsọmọlórúkọ náà ni? Àti pé ẹni tí ó bá jókòó ṣírò kí ó tó bí ọmọ kẹrin, ṣé kò gba Ọlọ́hun gbọ́ pé Òun ni ó ń pèsè?

Iye mẹ́rin yìí ní ìtàn ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 1988, ní àsìkò ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde lórí iye ènìyàn. Wọ́n ní obìnrin kan ń bí ju ọmọ mẹ́fà lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ó di mẹ́rin nígbà tí ọdún 2000 bá fi pé. Kì í ṣe òfin tó ní ìjìyà, ìmọ̀ràn ni. Síbẹ̀, ariwo ta. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ dín àwa Mùsùlùmí kù ni. Àwọn mìíràn béèrè ohun tó mọ́gbọ́n dání: kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ka ọmọ fún, tí wọn kò kà á fún ọkùnrin? Ọkùnrin tó bá ní ìyàwó mẹ́rin, tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì bí mẹ́rin, ọmọ mẹ́rìndínlógún ló ní, kò sì tíì ta ko ètò ìjọba.

Ọdún 2000 dé, ó sì kọjá. Ìwádìí tí ìjọba ń ṣe káàkiri agboolé sọ pé, ní ìpíndọ́gba, ọmọ mẹ́fà ni obìnrin kan ń bí ní 1990. Ó di 5.3 ní 2018. Ó sì di 4.8 ní ìwádìí ti 2023 sí 2024. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 2005, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni ètò náà gbà wọlé. Ìyẹn ni pé ọmọ kẹrin ni ilẹ̀kùn ń tì lé lẹ́yìn.

A kò wá gbèjà iye náà, a kò sì wá bú u. Ọlọ́hun kò dá iye ọmọ fún wa. A mọ ẹni tó bí mẹ́jọ tí gbogbo wọn yanjú, a sì mọ ẹni tó bí méjì tí kò rí ọ̀kan gbé ṣánlẹ̀. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn tó ń jà fún iye àti àwọn tó ń jà lòdì sí i, oókà ni gbogbo wọn ń kà. Ọlọ́hun kò ní bi wá léèrè oókà lọ́jọ́ ẹ̀san. Ẹ̀tọ́ ni yóò bi wá.

Èsì tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni pé, "Àfáà, Ọba tó ya ẹnu kò ní ṣàì wá ohun tí yóò fi sí i." Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí Kùránì ti sọ̀rọ̀ yìí. Ibi méjì ni: nínú Súrátù An'ám, àyàh 151, àti Súrátù Isrá'i, àyàh 31. Àwọn onítúmọ̀ Kùránì ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tò bákan náà. Ní ibi kìíní, àwọn tí òṣì ti bá tẹ́lẹ̀ ni Ọlọ́hun ń bá wí, nítorí náà arísìkí òbí ni ó kọ́kọ́ dárúkọ kí ó tó kan ti ọmọ. Ní ibi kejì, àwọn tó ń bẹ̀rù òṣì tí kò tíì dé ni, nítorí náà arísìkí ọmọ ni ó ṣáájú ti òbí. Ọba tó mọ ibi tí àyà ti ń já kálukú ni.

Ṣùgbọ́n kí ni Ọlọ́hun kọ̀ fún wọn níbẹ̀? Pípa ọmọ ni. Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan ń ri ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ láàyè. Ẹni tí ó pa ọmọ àti ẹni tí ó fi àyè sí àárín ọmọ kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Jábírù ọmọ Abdullahi sọ, nínú hádíìsì tí Bùhárí àti Mùsílímù gbà wá, pé àwọn sàábé máa ń da àtọ̀ síta nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀ ni, ìbá ti sọ̀kalẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́. Ìmáàmù Gasálì, tó kú ní ọdún 1111, ka àwọn èrò ọkàn tó lè mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣàánú ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ nítorí ewu ìbímọ, tàbí tí ó ń sá fún ìnira tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, Ìmáàmù kò kà á sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é nítorí pé kò fẹ́ bí obìnrin, èrò ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́.

A sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé oyún tó bá ti wà nínú, àlejò Ọlọ́hun ni. Bí a rò ó tẹ́lẹ̀, bí a kò rò ó, a kò gbọ́dọ̀ fi ojú burúkú wò ó, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ lójú ọmọ láéláé pé àṣìṣe ni ó bá wá. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ.

Ọkùnrin kan bi Ànábì, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Arísìkí wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Okùn wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìyá, àyè tó wà láyà bàbá, àkókò tí ọmọ fi ń kàwé, ìdọ́gba láàárín ọmọ kan sí èkejì, àmánà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ọlọ́hun ṣèlérí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé Òun yóò bá wa bi ọmọ léèrè ohun tó kọ́ ní ilé-ìwé.

Ó kù kí a sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe.

Èkínní ni ìyá. Súrátù Bákárà, àyàh 233, sọ ọdún méjì gbáko fún ọmú ẹni tó bá fẹ́ pé e. Súrátù Áhkáfù, àyàh 15, ka oyún àti ọmú pọ̀ ní ọgbọ̀n oṣù. Ní ọdún 2005, àwọn ọ̀mọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kó jọ dá a lábàá pé lẹ́yìn ìbímọ, kí obìnrin sinmi tó oṣù mẹ́rìnlélógún, ó kéré tán, kí ó tó tún gbìyànjú oyún. Ọdún méjì náà nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa kò ka ìwé dókítà, síbẹ̀ wọ́n ń ya ibùsùn ìyá ọmọ sọ́tọ̀ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Bí ẹ̀yin bá ti kánjú sí oyún kẹrin, ẹ kò lè yí i padà mọ́. Ẹ tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì lóyún, ẹ dúró kí ara ìyá padà bọ̀ sípò. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní sẹ́ńtà ìlera nípa ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó bá ara obìnrin náà mu.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń pa obìnrin ni "ó ti bí mẹ́ta, ó ti mọ̀ ọ́n bí." Ìrírí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ọmọ tó ti gbé oyún lọ́pọ̀ ìgbà lè má tètè sún kì lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ya. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ kò ní èyí tí yóò dà nù. Nítorí náà kí ó tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó má dúró di oṣù keje. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ìgbà mẹ́jọ ni kí aláboyún rí oníṣègùn kí ó tó bí. Kí ó lo oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, kí ó gba oògùn ibà tí wọ́n ń fún aláboyún, kí ó sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbímọ mẹ́ta ìṣáájú: bí ẹ̀jẹ̀ bá ya, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà.

Ní ọdún 1994, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé nípa ìdádúró mẹ́ta tó ń pa aláboyún: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu nílé láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta lè má sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n èkínní àti èkejì wà lọ́wọ́ wa. Ìrọbí obìnrin tó ti bímọ rí a sì máa yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ bá awakọ̀ kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí yóò jí bí ẹ bá kanlẹ̀kùn ní òru. Ẹ ya owó ọkọ̀ náà sọ́tọ̀. Ẹ mọ ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí ọkọ sì sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ àti lójú ará ilé pé, "Bí mo wà, bí n kò sí, bí ó bá ti rọbí, ẹ gbé e lọ; ẹ má dúró dè mí." Ọ̀rọ̀ kan yìí kò ná ọkọ ní kọ́bọ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò gba ẹ̀mí là.

Èkejì ni àwọn mẹ́ta tó wà nílé. Ọmọ kẹrin kò tíì dé, ẹkún ọmọ kẹta ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbé e sùn kí ìyá tó bímọ, kí ó má ba à dà bí ẹni pé àlejò ló lé e kúrò. Ẹ sọ fún àwọn tó gbọ́n pé àbúrò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe àdúà.

Ti àkọ́bí obìnrin ni ó ká wa lára jù. Kí ọmọ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìrọ́pò. Ọmọ tó bu omi wá, tó gbálẹ̀, tó gbé àbúrò rẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn tó ti ilé-ìwé dé, ó ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tó fi ilé-ìwé àti kéwú sílẹ̀ kí ó lè tọ́ ọmọ, wọ́n ti fi rọ́pò ìyá. Taa ni iṣẹ́ náà tọ́ sí? Àíṣátù, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ nínú hádíìsì Bùhárí pé Ànábì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀, bí àkókò ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè ṣe iṣẹ́ ilé, ọkùnrin Sẹkọna wo ni ọwọ́ rẹ̀ ga ju kí ó fọ aṣọ ọmọ lọ? Àwọn ọmọkùnrin inú ilé náà ń kọ́? Ṣé wọn kò lọ́wọ́ ni?

Ẹ̀kẹta ni èrò ọkàn. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, wọ́n sì ń wá ọkùnrin ni wọ́n fi fẹ́ bí ẹ̀kẹrin. Wọ́n á máa kọminú sí ìyàwó. Súrátù Ṣúrà, àyàh 49 àti 50, ti sọ ọ́ pé Ọlọ́hun ló ń fi obìnrin ta ẹni tó wù ú lọ́rẹ, tó sì ń fi ọkùnrin ta ẹni tó wù ú lọ́rẹ. Obìnrin ni Ó sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sì ti fi hàn pé láti ara àtọ̀ ọkùnrin ni akọ tàbí abo ti ń wá, kì í ṣe láti ara obìnrin. Kí la wá ń bá ìyàwó jà sí? Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Ànábì ní: Sáínábù, Rúkáyátù, Ùmù Kulusúmù àti Fátímátù. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kú ní kékeré. Fátímátù, tí ọ̀pọ̀ onítàn kà sí àbíkẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni ìran Ànábì ti ara rẹ̀ wá. Ọmọbìnrin kẹrin ni.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Ẹran àkíkà jẹ́ súnà fún ẹni tó bá ní agbára. Kì í ṣe gbèsè tí a fi lé tálákà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n a rí ẹni tó yáwó fún kánápì àti fún aṣọ ẹbí, tí kò wá lówó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nítorí owó ọkọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún wa bí owó ọkọ̀ àti owó gaàrí ti rí. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ owó ilé-ìwé àwọn mẹ́ta, oúnjẹ, owó ilé, oògùn. Ẹ wá fi ẹnì kan kún un. Nígbà kan rí, ọmọ tó bá ti tó gbé àdá mú, ọwọ́ kún ọwọ́ ni lóko, òun ló sì ń bọ́ bàbá rẹ̀. John Caldwell, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, ṣàlàyé ní 1976 pé níbi tí ọrọ̀ ti ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ ṣàn wá sọ́dọ̀ òbí, òbí yóò máa fẹ́ ọmọ púpọ̀. Níbi tí ó bá ti yí padà, tí ó ń ti ọ̀dọ̀ òbí ṣàn lọ sọ́dọ̀ ọmọ, wọn yóò dín in kù. Ẹni tó bá ń bí ọmọ bíi ti àgbẹ̀ àtijọ́, tí ó sì ń gbé ní oríta òde òní, ìṣirò rẹ̀ yóò gùn ún lẹ́sẹ̀.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ owó, kí a má gbàgbé ìdọ́gba. Bàbá Nùmánù ọmọ Báṣírù fi ẹ̀bùn ta ọmọ rẹ̀ kan lọ́rẹ, ó wá fi Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí. Ànábì bi í bóyá gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó fún ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànábì kọ̀, ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó sì ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá náà gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà. Bí ẹ̀bùn lásán bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ti ẹ̀kọ́ tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ kan kí èkejì lè rí ẹni gbé e?

Ẹ̀karùn-ún ni àjọsọ. Nínú àyàh 233 yẹn náà, Ọlọ́hun ní bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú ọdún méjì, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́ inú àwọn méjèèjì àti ìgbìmọ̀pọ̀. Ẹ wò ó: ọmú lásán ni Ọlọ́hun ní kí ọkọ àti ìyàwó jọ gbìmọ̀ lé lórí. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí ọkọ nìkan dá pinnu odidi ọmọ?

Ẹnì kan lè sọ pé Ànábì fẹ́ kí ìjọ òun pọ̀, kí òun lè fi iye wa ṣe ìwúrí. Hádíìsì náà wà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni Ànábì yóò fi ṣe ìwúrí? Ṣé ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò ní oríta pẹ̀lú ike omi lórí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì? Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwúrí wà nínú ọmọ tí a bí tí a sì tọ́.

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ti yé wa, bí bàbá kan bá tún wá tọrọ ààyè bẹ́ẹ̀, a kì í tètè ṣe àdúà mọ́. A ó kọ́kọ́ bi í pé: kí ni ìwọ fúnra rẹ yóò máa ṣe nílé? Taa tún ni ó wà nínú ẹbí? Ọjọ́ wo ni ọmọ yóò padà? Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, a ó ní kí ọmọ pọn àbúrò rẹ̀ wá. Ọmọ ọwọ́ ti sunkún rí ní ilé-kéwú wa, kéwú kò sì dúró.

A ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé kíláàsì àwọn àgbà obìnrin wà ní ọjọ́ Àìkú. Kò tíì wá. A ṣì ń retí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá lọ́rẹ, kí Ó sọ àwọn aláboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà, kí Ó sì fún wa ní agbára láti san ẹ̀tọ́ àwọn tó ti wà lọ́wọ́ wa kí òmíràn tó dé. Àmín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.